Orúnkún Bàbá àti Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kì í Gbà

Kubwa, ní Abuja, ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, lójúmọ́ Sátidé mo sì máa ń kó àwọn èèyàn jáde kí a jọ lọ gùn ún. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi títí di ìgbà tó ti etí òkun padà dé. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é níbí.

Ẹni ọdún 61 ni Bàbá, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kàwé ní Genova, ní Ítálì. Ọmọ yẹn ló sọ pé bí Bàbá bá wá wo òun lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti lọ, òun á mú un lọ gun kẹ̀kẹ́ létí òkun, lójú ọ̀nà kan tí mọ́tò kì í gbà. Bàbá gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ kí n wo àwòrán tí ọmọ náà fi ránṣẹ́. Ọ̀nà ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òkun wà lápá kan, òdòdó wà lápá kejì, ìyá àgbà kan tó di apẹ̀rẹ̀ mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Àbúrò, oṣù mẹ́ta ló kù. Ṣé mo ṣì lè ṣe é?"

Kì í ṣe pé Bàbá kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ìkìrun ló ti kọ́ ọ ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lórí Raleigh bàbá tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó pẹ́dà láti orí ìjókòó nígbà náà, nítorí náà abẹ́ irin àárín ló ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀, á wà á lóòró, ara rẹ̀ á wọ́ sápá kan bí ẹni tó gbé korobá omi. Gbogbo àwa tí a dàgbà nílé tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló wà la mọ ìgùn yẹn. Àmọ́ látọjọ́ tí Bàbá ti ra mọ́tò, kò tún fẹsẹ̀ kan pẹ́dà mọ́, èyí sì lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Mo mọ ọ̀nà tí ọmọ náà ń sọ, ó ti ń wù mí tipẹ́. Liguria ló wà, ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Ítálì, kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Faransé. Apá tí Bàbá fẹ́ gùn bẹ̀rẹ̀ láti San Lorenzo al Mare, ó gba Santo Stefano, Riva Ligure àti Arma di Taggia kọjá, ó wọ Sanremo, ó sì já sí Ospedaletti. Kìlómítà 24 ni gbogbo rẹ̀. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Láti 1872 ni reluwé ti ń gba ẹ̀bá omi yẹn, lórí irin kan ṣoṣo tí èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò. Ní 2001, wọ́n gbé reluwé kúrò létí omi, wọ́n tì í wọ inú ihò abẹ́ òkè, ilẹ̀ etí òkun náà sì ṣófo. Wọn kò bu ú tà fún àwọn onílé. Ọ̀dà ni wọ́n dà sí i, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́.

Pé ojú irin ni tẹ́lẹ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí n lè dá Bàbá lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ẹ lè ṣe é. Reluwé kò lè gun òkè. Irin ló ń yí lórí irin, bí ilẹ̀ bá ga sókè díẹ̀ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń la ojú irin fi máa ń gé òkè, tí wọ́n ń dí àfonífojì, tí wọ́n sì ń lu àpáta títí ọ̀nà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Láàárín ọgọ́rùn-ún mítà, ó ṣọ̀wọ́n kí ó ga ju mítà kan tàbí méjì lọ. Ẹni tó bá ti fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Katampe rí á mọ bí ìyẹn ti kéré tó. Bẹ́ẹ̀, àwa náà ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lókè Ọya níbí. Ojú irin kékeré kan wà láyé ìwakùsà tánganran, láti Zaria lọ sí Bukuru lórí òkè Jos, wọ́n sì pa á tì ní 1957. Mo máa ń ronú kan ọ̀nà yẹn ní òru tí n kò bá rí oorun sùn.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni Bàbá rà. Mo pààrọ̀ ṣéènì, wáyà bíréèkì àti táyà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo wọn ìjókòó fún un. Mo ní kí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kí ó fọwọ́ ti ògiri, kí ó fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán níbẹ̀. Nígbà tó bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bó ṣe yẹ kí a máa wà á, orúnkún á ká díẹ̀ péré. Mo dè é le. Inú Bàbá dùn, ó ní òun ga bí ẹni tó wà lórí ẹṣin.

Sátidé méjì àkọ́kọ́ dára. Ní ìkẹta, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ti ọ̀tún ní pàtàkì, níwájú, lábẹ́ eegun rìbìtì tó bò ó yẹn. Ní ìkẹrin, ó ń tiro.

Ẹ̀bi tèmi ló wà níbí, n kò sì ní fi pamọ́. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí iwájú orúnkún bá ń dunni lórí kẹ̀kẹ́, ìjókòó ló sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó ga jù. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wọn ìjókòó yẹn, nítorí náà n kò padà wò ó. Jíà ni mo kọ́kọ́ bá wí. Mo ní jíà tó wúwo ni Bàbá ń lò, kí ó fi èyí tó fúyẹ́ sí i, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí tó ìgbà àádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ìrora kò lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ọjọ́ orí ni. Bàbá náà gbà bẹ́ẹ̀, ó lọ sí ọsibítù, dókítà sì sọ fún un pé kò wú, kò sì ya, kí ó sinmi, kí ó máa fi ìpara pa á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lọ báyìí nínú oṣù mẹ́ta tí a ní.

Ọjọ́ tí ojú mi là ni ọjọ́ tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti máa ń ṣíwájú tẹ́lẹ̀. Mo rí i pé bí Bàbá ṣe jókòó dà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá jókòó sórí àpótí ọmọdé: orúnkún rẹ̀ ń gòkè dé itòsí ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí a dúró, mo wọ̀n ọ́n. Ìjókòó ti fi ìka mẹ́ta lọ sílẹ̀ síbi tí mo fi í sí.

Mo rò pé irin ìjókòó ló ń yọ̀ wọlé. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹnì kan bá ti fi irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ rọ́pò irin tirẹ̀. Mo yọ ọ́, mo nu gíríìsì kúrò, mo gé ara agolo mílíìkì tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi wé e, mo tì í padà, mo sì dè é. Mo wá mú kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi, èyí tó pupa, mo fa ìlà tín-ín-rín kan yí irin náà ká níbi tó ti wọ inú férémù. Bí ó bá yọ̀ wọlé, ìlà á sọ fún mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò rí ìlà pupa náà mọ́, ó ti wọ inú. Mo fi gbogbo ara mi tẹ ìjókòó yẹn, mo fò lé e, kò mira. Ọ̀rọ̀ ti yé mi nígbà náà. Irin kò yọ̀. Èèyàn ló tú u.

Ẹ mọ̀ pé kò rọrùn láti bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé. Mo ní kí àwọn tó kù máa lọ síwájú, pé a ń bọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bí ẹni tó ń wo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹnì kan nílé máa ń fọwọ́ kan ìjókòó yìí ni?" Ó dákẹ́ pẹ́. Ó yọ fìlà, ó tún dé e. Ó ní, "Èmi ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní Sátidé kejì, bó ṣe ń padà sílé lóun nìkan, bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn ní oríta. Ó fẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láti dúró, ẹsẹ̀ kò kan ilẹ̀, kẹ̀kẹ́ fì, díẹ̀ ló sì kù kí ó ṣubú sábẹ́ táyà. Látọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tó bá ti yà kúrò lójú wa, ó máa ń tú ìjókòó, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á fi kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bó bá sì kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa, á gbé e sókè padà. Nígbà tó yá, ó fi sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, àbúrò. Ẹ̀rù mọ́tò ni. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

Mo fọwọ́ lu àyà mi. Oṣù méjì ni mo ti ń wo orúnkún, tí mo ń wo jíà, tí mo ń ka ọdún lé ọkùnrin yìí lórí, n kò sì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan péré ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójú títì. Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀nà ńlá Kubwa, tí mọ́tò ń sá kọjá lórí ọ̀nà mẹ́wàá, á mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti ojo. Ẹ sì wò bí ẹ̀rù ṣe ń di ìrora. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á fẹ́ sún mọ́ ilẹ̀. Ìjókòó tó bá sún mọ́ ilẹ̀ á mú kí orúnkún ká jù, gbogbo agbára ẹsẹ̀ á sì gba abẹ́ eegun kékeré iwájú yẹn kọjá. Bí ẹsẹ̀ bá yí ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 4,200 ni wákàtí kan. Orúnkún wo ni kò ní dunni?

Ohun méjì ni mo ṣe. Èkíní, mo mú Bàbá kúrò níbi tí mọ́tò wà pátápátá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ládùúgbò wa tí àyè ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ fẹ̀, tí ó sì máa ń ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀. Mo bẹ wọ́n, wọ́n gbà. Ìkejì, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró.

Bí a ṣe ń dúró yìí, n ó sọ ọ́ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. A kì í dúró lórí ìjókòó. Ìjókòó tó bá ga tó bó ṣe yẹ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa, kò sì yẹ kó kàn án. Bí o bá fẹ́ dúró, ìwọ á rọra di bíréèkì, pẹ́dà kan á wà nísàlẹ̀, ìwọ á dìde lé pẹ́dà yẹn bí ẹni tó dúró lórí àtẹ̀gùn, ìdí á kúrò lórí ìjókòó bọ́ síwájú, kẹ̀kẹ́ á fì díẹ̀ sápá kejì, ẹsẹ̀ kejì á sì balẹ̀ wẹ́rẹ́. Irin àárín ló máa wà láàárín itan rẹ. Bí o bá fẹ́ lọ, gbé pẹ́dà kan sókè, tẹ̀ ẹ́, gun orí rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á ti máa lọ kí o tó jókòó. Kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún ni Bàbá fi ṣe é, ní Tuesday àti Thursday, nítorí ara rẹ̀ kò gbà pé òun lè dìde kúrò lórí ìjókòó kí òun má ṣubú. Ìyá, ìyàwó rẹ̀, máa ń bá a wá. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó sí pẹ̀lú fíláàsì tíì, á máa kà á sókè: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọjọ́ tó dúró dáadáa ní ìgbà ogún láìṣìṣe, Ìyá pàtẹ́wọ́ títí àwọn ọlọ́dẹ fi jáde wá wò wá.

Nígbà náà la tó lọ sí etí adágún Jabi. Aago márùn-ún kọjá la ti ń kúrò ní Kubwa, bọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ mi ló sì ń gbé kẹ̀kẹ́ wa. Ó dùn mí pé mọ́tò la máa wọ̀ kí a tó dé ibi tí mọ́tò kò sí, ṣùgbọ́n bí ìlú yìí ṣe rí nìyẹn. Lórí ilẹ̀ ẹsẹ̀ omi yẹn, kí àwọn eléré ìdárayá tó dé, ìdákẹ́jẹ́ wà. Omi rí bí awo. Mo gbọ́ ṣéènì Bàbá bó ṣe ń gba ara jíà kọjá, ó ń dún ṣín-ṣín-ṣín, ohùn tí a kì í gbọ́ lójú títì láéláé. Òun náà gbọ́ ọ. Ó yíjú padà sí mi, ó ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ mi ló ń dún báyẹn?" Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a ti ń lọ síbẹ̀, tí ìlà pupa sì wà níta, orúnkún kò dùn ún mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tí yóò háyà lọ́hùn-ún. Mo wọn ẹsẹ̀ Bàbá láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìdí, láìwọ bàtà: sẹ̀ǹtímítà 82. Ìṣirò kan wà tí àwọn olùdíje ti ń lò tipẹ́, pé kí a fi 0.883 sọ iye yẹn di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni kó wà láti àárín irin tí apá pẹ́dà méjèèjì ń yí lórí rẹ̀ dé orí ìjókòó. Tirẹ̀ jẹ́ 72 àti díẹ̀. Mo mú okùn tí a fi ń so ẹrù, mo ta kókó méjì sí i ní gígùn yẹn, mo ní kí ó fi sínú àpò. Kókó kan sísàlẹ̀, ọ̀kan sókè, kò nílò kí ó mọ Ìtálì sọ.

Ní oṣù kẹrin ni òun àti ọmọ rẹ̀ gùn ún. Wọ́n wọ reluwé láti Genova dé Sanremo. Abẹ́ ilẹ̀ ni ibùdókọ̀ reluwé tuntun wà níbẹ̀, Bàbá sì ní àwọn rìn nínú ihò pẹ́ kí àwọn tó rí oòrùn. Ọmọkùnrin tó ń háyà kẹ̀kẹ́ fi ojú wọn ìjókòó fún un, ó sì fi í sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àgbàlagbà. Bàbá fa okùn yọ. Ó ní ọmọkùnrin náà dúró, ó ń wo òun bó ṣe na kókó méjèèjì, tó tú irin, tó gbé e sókè, tó sì dè é padà.

Apá ìlà-oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, òkun ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, títí dé San Lorenzo. Gbogbo ohun tí Bàbá ń sọ fún mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ ló ń yí ká. Ó ní òun gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ bí omi ṣe ń fà wọ́n sẹ́yìn. Òun gbọ́ obìnrin kan tó ń pe ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Aago kékeré orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń tọrọ ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Ó dúró ní ìgbà méje, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀rù.

Nígbà tí wọ́n yí padà, wọ́n kọjá Sanremo lọ sí Ospedaletti, inú ihò Capo Nero sì ni wọ́n gbà, ihò ojú irin àtijọ́ tó gùn ju kìlómítà kan àbọ̀ lọ. Iná wà nínú rẹ̀, ó sì tutù bí inú kànga. Ara ògiri rẹ̀ ni wọ́n kọ ìtàn ìdíje Milano–Sanremo sí, eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà, tí wọ́n ti ń sá láti 1907. Bàbá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ihò yẹn, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ń ka orúkọ àwọn tó borí, ohùn rẹ̀ ń padà lára àpáta, lábẹ́ ohùn rẹ̀ sì ni ṣéènì ń dún. Mo ṣì ní in lórí fóònù mi.

Kìlómítà 48 ni lílọ àti bíbọ̀. Orúnkún kò sọ nǹkan kan. Ìdí dùn ún fún ọjọ́ méjì, èyí tí mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì kú nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán dojú kọ wọ́n, torí ojú kan ṣoṣo ló di mú láti àárọ̀. Ìyẹn ni n kò kọ́ ọ, pé kí ó máa yí bí ó ṣe fọwọ́ mú un padà ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo ti ń kọ́ àwọn tó kù báyìí.

Bàbá kò gun kẹ̀kẹ́ lójú títì ńlá mọ́, n kò sì rọ̀ ọ́. Inú ẹ́síteètì wọn àti Jabi ló ń gùn. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi wí pé ẹ̀yà ara kan ń dun òun, kí n tó mú sípánà, mo máa ń ní kí ó ya ọ̀nà tó ń gbà fún mi sórí bébà, kí ó sì fi àmì síbi tí àyà rẹ̀ ti máa ń já.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá gbé kẹ̀kẹ́ wá fún táyà. Ìlà kútẹ́ẹ̀sì náà ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n níta ló wà. Ìyá bá a wá. Mo wọn ẹsẹ̀ tiwọn náà, sẹ̀ǹtímítà 76, mo sì ta kókó sí okùn mìíràn ní 67.